Ìkàmọ̀ kẹ̀? Kí ni àkàyé ṣe yín?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀gá tó ní ká sọ àkàyé nù ká máa pè é ní "ìkàmọ̀", pé ẹni tó bá ṣáà ti mọ ọ̀rọ̀ inú èdè àkọ́kúntẹni, ìyẹn èdè téèyàn kọ́ kún èdè abínibí ẹ̀, ó ti mọ̀ ọ́n kà nìyẹn, ẹ má bínú o, kò wọ̀ mí létí rárá. Ìdí -yé yẹn gan-an niṣẹ́ wà. Èèyàn lè mọ gbogbo ọ̀rọ̀ ojú ìwé tán kó má yé e.

Ẹ wo àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí London. Ẹ kọ "Olú ní òun ń bọ̀" fún ọ̀kan nínú wọn, kẹ́ ẹ tún kọ "Olú ní ó ń bọ̀". Ó mọ ní, ó mọ bọ̀, àmọ́ ta ló ń bọ̀? Lójú tiẹ̀ Olú náà ni nínú méjèèjì, torí "he" kan ṣoṣo ni Gẹ̀ẹ́sì ní. Fókábúlárì wo ló fẹ́ gbà á níbẹ̀? Gírámà ni o jàre. Tàbí "wọ́n ba orúkọ mi jẹ́", ó ṣí dikíṣọ́nárì, ó wo ba, ó wo jẹ torí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ò fi àmì sí i, ó wá ní wọ́n jẹ orúkọ! Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé bàjẹ́ ni, orúkọ ló kó sí i láàárín.

Ọmọ ilé níbí tó ń ka Gẹ̀ẹ́sì náà ńkọ́? "The man the dog bit ran away." Kò sí ọ̀rọ̀ tó le níbẹ̀, àmọ́ "ọkùnrin tí ajá gé jẹ" ló mọ́ ọn létí, ó ń wá "tí" kiri, kò rí i, gbogbo ẹ̀ bá dàrú mọ́ ọn lójú. Kẹ́nì kan má sì wá sọ pé Yorùbá tí wọ́n fi kọ́ ọ ló fà á o. Iṣẹ́ ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àtàwọn èèyàn ẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970, Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún 6, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ sọ́bujẹ́ẹ̀tì ni, wọn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀rọ̀ ló ń yéèyàn, èèyàn kì í yé ọ̀rọ̀. Àwọn tíṣà wa àtijọ́, tí wọ́n bá kàwé fún wa tán, "ṣó yé yín?" ni wọ́n máa ń bi wá, tẹ́ ẹ bá dákẹ́, ẹgba ni.

Àti pé ọ̀gá, lánàá àmì òkè lẹ fi sórí ẹ̀, "ìkàmọ́", ìyẹn sì ni kéèyàn ka nǹkan mọ́ àwọn tó kù. Èwo gan-an lẹ̀ ń sọ?