Báwo ni sólà ṣe ń sọ oòrùn di iná, ṣé ó sì lè gbé fírísà ẹja di òwúrọ̀?

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin ará ilé, mo kí gbogbo yín. Ẹja yìnyín ni mo ń tà ní Òkè-Ajé, fírísà méjì ni mo sì ń lò. Bí wọ́n bá mú iná lọ ní ìrọ̀lẹ́, tí epo amúnáwá sì tán kí ilẹ̀ tó mọ́, omi ẹ̀jẹ̀ á ti máa sun jáde lábẹ́ fírísà, ẹja á ti rọ̀, oníbàárà tó bá sì fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò kò ní dúró ná an. Àwọn ọmọ mi ń rọ̀ mí pé kí n ra sólà. Kí n tó kówó lé e, mo fẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n là á yé mi: kí ni páńẹ́lì ń ṣe sí oòrùn tó fi ń di iná? Ṣé ooru ni ó ń kó jọ? Páńẹ́lì mélòó ni yóò gbé fírísà mi mọ́jú? Àwọn kan ní méjì ti tó, àwọn mìíràn ní mẹ́jọ.

Olùkọ́ Físíìsì, Ìkẹ́nnẹ́

Ẹ kú ọjà o, Mà. Ìmọ́lẹ̀ ni páńẹ́lì ń lò, kì í ṣe ooru. Àwọn awẹ́ pẹlẹbẹ tí ẹ ń rí lójú rẹ̀, silicon ni wọ́n fi ṣe wọ́n, ohun tí a ń yọ láti ara iyanrìn. Wọ́n po èròjà kan tó ń jẹ́ phosphorus bín-ín-tín mọ́ ìhà kan awẹ́ náà, wọ́n sì po òmíràn, boron, mọ́ ìhà kejì, ibi tí ìhà méjèèjì ti pàdé ni agbára kan wà tó ń ti electron, ohun tín-tìn-tín tó ń gbé iná, sí ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí ìmọ́lẹ̀ bá bọ́ sórí awẹ́, á já electron kúrò ní àyè rẹ̀, agbára yẹn á sì darí rẹ̀ gba àwọn ìlà irin tẹ́ẹ́rẹ́ ojú páńẹ́lì jáde sínú wáyà. Bí àwọn electron ṣe ń wọ́ lọ rẹpẹtẹ bẹ́ẹ̀ ni iná. Awẹ́ kan kì í mú ju nǹkan bí ìdajì volt wá, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so ọ̀pọ̀ wọn mọ́ra. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Edmond Becquerel, ti rí i ní ọdún 1839 pé ìmọ́lẹ̀ lè mú iná wá, ṣùgbọ́n ọdún 1954 ni àwọn onímọ̀ ilé-iṣẹ́ ìwádìí Bell ní Amẹ́ríkà tó ṣe awẹ́ silicon tó wúlò.

Ooru gan-an ń dín agbára páńẹ́lì kù. Ìwọ̀n 25 Celsius ni wọ́n fi ń dán páńẹ́lì wò nílé-iṣẹ́. Nínú ọ̀gbẹlẹ̀, ara rẹ̀ lè gbóná tó 60 lórí páànù wa, ó sì lè pàdánù ju ìdá kan nínú mẹ́wàá agbára rẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ páànù. Kí atẹ́gùn lè máa fẹ́ gba abẹ́ rẹ̀ kọjá.

Oníṣẹ́ Sólà, Ṣàgámù

Ọ̀gá olùkọ́ ti sọ ọ́ bó ṣe rí. Ohun tí mo fẹ́ kí ìyá wa mọ̀ ni pé bátìrì ló ń gbé fírísà lóru. Iṣẹ́ páńẹ́lì ni kí ó rọ ọ́ kún kí ilẹ̀ tó ṣú.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí fírísà kan bá ń jẹ 200 wáàtì, tí ó sì ń sinmi fún bí ìdajì àkókò, yúníìtì 2.4 ni yóò jẹ lójúmọ́, irú yúníìtì tí ẹ ń rà sínú mítà. Méjèèjì á jẹ 4.8. Páńẹ́lì 550 wáàtì kan lè fún yín ní bíi yúníìtì 1.7 ní ọjọ́ tí oòrùn bá mú dáadáa, lẹ́yìn tí a bá ti yọ èyí tó ń ṣòfò lójú ọ̀nà. Mẹ́ta á kàn tó ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi mọ sí mẹ́ta fún yín, nítorí ojú ọ̀run àdúgbò wa kì í là dáadáa nígbà òjò. Mẹ́rin ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí agbára bá gbé e, ẹ sọ ọ́ di mẹ́fà.

Láti aago méje alẹ́ sí méje òwúrọ̀, fírísà méjèèjì á jẹ bíi yúníìtì 2.4. Bátìrì lithium oníyúníìtì márùn-ún á gbé e pẹ̀lú fáànù àti gílóòbù. Bátìrì olómi 12 volt, 220 Ah (ìwọ̀n iná tó lè gbà), ń gba bíi yúníìtì 2.6, ṣùgbọ́n a kì í fà á kọjá ìdajì bí a bá fẹ́ kó pẹ́, nítorí náà méjì kò ní ṣẹ́ nǹkan gidi kù fún fáànù àti gílóòbù, mẹ́rin ni ẹ máa nílò. Ẹni tó bá to páńẹ́lì mẹ́jọ sórí òrùlé, tó wá fi bátìrì olómi kan ṣoṣo sí i, ẹja rẹ̀ á bàjẹ́ mọ́jú.

Inverter ló ń sọ iná bátìrì di 230 volt tí ẹ̀rọ inú ilé ń lò. Fírísà ń fa agbára ní ìlọ́po-ìlọ́po nígbà tó bá fẹ́ gbéra, nítorí náà ẹ má ra inverter kékeré, 3.5 kVA dára fún yín.

Ìyá Ẹlẹ́ja, Ìjẹ̀bú-Òde

Mo dúpẹ́ púpọ̀, ẹ̀yin ọmọ mi. Ilé alájà méjì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, láti aago mẹ́ta ni òjìji táńkì omi wọn ti ń bo igun kan òrùlé wa. Ṣé kò ní ṣe nǹkan kan?

Aránṣọ, Ìjẹ̀bú-Igbó

Yóò ṣe é, Mà. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tẹ̀lé ara wọn ni wọ́n sábà máa ń so páńẹ́lì, bí òjìji bá bo ẹyọ kan, ó lè fa ìyókù sẹ́yìn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹra fún igun yẹn, kí wọ́n sì kọ ojú páńẹ́lì sí gúúsù, kí ó dà díẹ̀ kí omi òjò lè máa ṣàn kúrò lórí rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, eruku tó ń bò ó kì í ṣe kékeré. Omi lásán àti aṣọ rírọ̀ la fi ń nù ún ní kùtùkùtù, kí ojú rẹ̀ tó gbóná.

Oníṣẹ́ Sólà, Ṣàgámù

Ọ̀rọ̀ rẹ tọ̀nà. Ìyá wa, ẹ tún fi ike omi kún àyè tó bá ṣófo nínú fírísà. Ọ̀sán ni kí ẹ jẹ́ kó dì, nígbà tí páńẹ́lì ń pèsè ju ohun tí ẹ ń lò lọ. Bó bá di òru, yìnyín yẹn ni yóò máa mú ẹja tutù, ẹ̀rọ fírísà kò sì ní máa gbéra léraléra lórí bátìrì.