Re: "Ìgbẹ̀san abófinmu" kọ́ ni wọ́n ń bèèrè

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ o. Lórí ọ̀rọ̀ Yorùbá tá à ń wá fún "justice", bọ̀ọ̀dá wa ará Ìbarà ní ká máa pe ohun tí àwọn tí wọ́n pa èèyàn wọn nípakúpa ń bèèrè ní "ìgbẹ̀san abófinmu", wọ́n ní "gbà" lásán ló wà níbẹ̀, pé ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè kàn ń gba ẹ̀san ẹ̀ ni. Mi ò gbà rárá, "ìdáláre" lèmi ní ká máa lò. Ẹ sọ ọ́ láàárín ọjà pé ẹ ń bọ̀ wá gbẹ̀san, kẹ́ẹ wò ó bóyá wọn ò ní máa kó ọmọ wọn wọlé.

Kí ni wọ́n tiẹ̀ ń bèèrè gan-an? Ẹ wo Rwanda. Lẹ́yìn ìpakúpa 1994, ilé ẹjọ́ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀, Arusha ní Tanzania ló jókòó sí, àwọn ọ̀gá-ọ̀gá ni wọ́n ń dá lẹ́jọ́ níbẹ̀, ibẹ̀ sì jìnnà sí opó tó wà lábúlé. Ìgbà tí gacaca, ilé ẹjọ́ àdúgbò wọn, dé, tí ará àdúgbò fúnra wọn jókòó dá ẹjọ́ títí di 2012, ẹjọ́ tó sún mọ́ mílíọ̀nù 2, ẹni tó bá jẹ́wọ́, tó sì sọ ibi tó ju òkú sí, wọ́n á dín ẹ̀wọ̀n ẹ̀ kù. Ibi tí òkú wà yẹn ni ọ̀pọ̀ wọn fẹ́ gbọ́, kí wọ́n lè hú u kí wọ́n sin ín bó ṣe yẹ. Kì í ṣe pé ó pé o, àwọn kan parọ́, wọ́n tún pa àwọn ẹlẹ́rìí kan. Ti Asaba níbí ńkọ́? Oṣù kẹwàá 1967, nígbà ogun Biafra, ni sójà ìjọba àpapọ̀ yìnbọn pa ọ̀pọ̀ ọkùnrin ibẹ̀, ìgbà tí Gowon tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà fi lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn, 2002 ti dé.

Ìdí tí mo fi dúró lórí ÌDÁLÁRE nìyẹn. Ìdájọ́, ẹni tó ṣìkà ló kọjú sí. Ìdáláre, ẹni tí wọ́n ṣe é sí. Ìyá mi àgbà ń ta àdìrẹ l'Ìtòkú, ẹnì kan gbaṣọ lọ, ó ní òun ò gba nǹkan kan, nígbà tí baálé ní kó sanwó màmá ò fọwọ́ kàn án: "Kó kọ́kọ́ sọ lójú gbogbo yín pé mo jàre, torí ó ti pè mí ní òpùrọ́." Ìgbà tó sọ ọ́ tán ni màmá tó gbowó.

Pásítọ̀ tó ní ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ni ìdáláre, ẹ jọ̀ọ́ sà, àwọn ògbóni Ẹ̀gbá ti ń dá èèyàn láre kí Bíbélì tó dé Abẹ́òkúta. Ẹni tó tún kọ ọ́ ní "ìdáláárẹ̀", ẹ wo àmì ohùn yín dáadáa, àárẹ̀ kọ́ là ń sọ, àre ni.

Bọ̀ọ̀dá, tẹ́ẹ bá ní èyí tó dáa jù ú lọ ẹ mú un wá, ká jọ yẹ̀ ẹ́ wò, ṣùgbọ́n kó má ní gbẹ̀san nínú.