Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí n tó gbẹ́ kànga sórí ilẹ̀ ìjọba tí mo lísì fún màlúù?

Olówó Màlúù: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo lísì ilẹ̀ hẹ́kítà 30 lọ́wọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ wa, inú fáàmù sẹ́tímẹ́ǹtì àtijọ́ kan ni, ọdún 25 ni wọ́n fún mi, ìwé ẹ̀ sì sọ pé ẹran ni mo fẹ́ fi sìn. Màlúù mi ti pé 18, àmọ́ omi ń yọ mí lẹ́nu gan-an, tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí odò ibẹ̀ á gbẹ di ẹrẹ̀, èèrùn tó kọjá a fi okùn fa ọmọ màlúù kan jáde nínú ẹrẹ̀ yẹn, kò sì yè. Mo fẹ́ gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, kí n gbé tánkì sókè, kí n na wáyà yí ilẹ̀ ká, kí n mọ ilé kékeré tí a ó ti máa fún wàrà. Òṣìṣẹ́ kan ní kí n ṣáà máa kọ́ ọ lọ, kò sẹ́ni tó máa dá mi dúró, ṣùgbọ́n ọkàn mi ò balẹ̀.

Ìyá Ẹlẹ́ran: Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe é o! Ọ̀rọ̀ ẹnu kì í wọnú fáìlì. Báyìí náà ni ọ̀gá kan ṣe sọ fún mi, mo mọ ilé àgùntàn oníbúlọ́ọ̀kù, wọ́n gbé ọ̀gá yẹn lọ síbòmíì, ẹni tó rọ́pò ẹ̀ wá fi ọ̀dà pupa kọ X sára ògiri mi, ìyá àgùntàn tó bí níjẹta ṣì wà nínú ẹ̀. Oṣù méje ni mo fi lọ tí mo fi bọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ ya àwòrán ibi tí kànga àti wáyà máa wà, kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí i, kí ẹ mú kọ́pì kan relé.

Lọ́yà Ìgbèríko: Òótọ́ lẹ sọ, màmá. Òfin Ilẹ̀ 1978 ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà. Tó bá jẹ́ C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀rí tí ìjọba fi ń fúnni lẹ́tọ̀ọ́ láti lo ilẹ̀, lẹ ní, abala 15 sọ pé ọwọ́ yín ni ohun tẹ́ ẹ bá ṣe sórí ilẹ̀ máa wà títí àsìkò yín á fi pé, àfi tẹ́ ẹ bá fẹ́ tà á tàbí fi yáwó ní báǹkì lẹ tó máa gba ìyọ̀ǹda gómìnà. Ṣùgbọ́n lísì lẹ pè é, torí náà ẹ ka ìwé yẹn dáadáa, ibi tó ti sọ̀rọ̀ ilé kíkọ́ ni kẹ́ ẹ wá. Abala 51 ka fẹ́ǹsì, kànga àti ọ̀nà mọ́ ohun tó ń mú ilẹ̀ dára sí i. Tí ìjọba bá gba ilẹ̀ padà fún iṣẹ́ ìlú, abala 29 ní kí wọ́n san owó ilé àti ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀, wọ́n á yọ iye tó ti gbó kúrò. Tí ìwé àṣẹ kànga yín ò bá wá sí nínú fáìlì ńkọ́, kí lẹ máa fi hàn wọ́n? Ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí kànga yẹn nígbà tí ọdún 25 bá pé sínú ẹ̀ pẹ̀lú. Ilé wàrà tún máa gba ìwé àṣẹ ìkọ́lé lọ́tọ̀.

Àbúrò Darandaran: Ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi ọ̀nà sílẹ̀ nínú wáyà yẹn fún àwọn tó ń da ẹran lọ sódò, ẹ yà á sínú àwòrán kí ìjà má bàa ṣẹlẹ̀ lọ́la.

Olówó Màlúù: Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka ìwé náà, ojú ewé kẹrin, wọ́n ní ohunkóhun tó bá máa dúró pẹ́ sórí ilẹ̀ náà gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kíkọ. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè mo máa gbé lẹ́tà lọ, àwọn tó máa gbẹ́ kànga á dúró ná, màá máa fi mọ́tò fa omi wá fún àwọn màlúù.