Kóró ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó: kí ló dé tí ọ̀rá rẹ̀ fi kéré tó báyìí?

Afiwon béèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tó mọ tinú èso. Kóró ọ̀pọ̀tọ́ inú igbó ni mò ń yẹ̀ wò, Ficus sur, èyí tó máa ń so jìngbìnnì sára igi. Èso tó ti pọ́n ni mo là, mo sá a gbẹ, mo sì lọ̀ ọ́. Ohun tí mo bá nínú 100 gíráàmù rèé: omi 8, eérú 4, purotéènì 12, ọ̀rá 6, fáíbà 40. Mo yọ gbogbo rẹ̀ kúrò nínú 100, ó ku 30, mo pe ìyẹn ní kabohaidireeti.

Ohun tó ń rú mi lójú ni pé òróró inú kóró ọ̀pọ̀tọ́ tí wọ́n ń gbìn, Ficus carica, máa ń tó ìdá 25 sí 30 nínú 100. Tèmi ò ju 6 lọ. Mo tún rí tábìlì kan tó kọ fáíbà 9.8 fún ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ. Èwo ni kí n gbà gbọ́? Ṣé irú igi yìí ni kò lọ́ràá ni, àbí èmi ni mo ṣe é tì?

IgiAtiEso fèsì:

Ẹ kú làálàá. Kí ẹ tó wádìí ọ̀rá, ẹ kọ́kọ́ wádìí kóró. Ẹ ní ẹ là á, ẹ sá a, ẹ lọ̀ ọ́. Ẹ ò sọ pé ẹ yọ ẹran ara èso kúrò. Tó bá jẹ́ pé ẹ lọ̀ ọ́ mọ́ ọn, èso odindi lẹ wọ̀n, kì í ṣe kóró. 9.8 inú tábìlì yẹn náà, ti odindi èso Ficus carica gbígbẹ ni, ẹran, èèpo àti kóró pa pọ̀. Ẹ má fi í wé ti kóró rárá.

Èyí tó tún le ju ìyẹn lọ rèé. Ohun tí a ń pè ní èso ọ̀pọ̀tọ́, àpò òdòdó ni, tó kọjú sínú. Ohun ṣákiṣàki tó ń dún lábẹ́ eyín, èso kéékèèké ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, kóró gan-an sì wà nínú èèpo líle rẹ̀. Nínú Ficus sur, oríṣi mẹ́ta ló máa ń wà nínú àpò kan náà: èyí tí agbọ́n kéékèèké bá gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó dé ibẹ̀, tó sì ní ọlẹ̀ (ọmọ igi tó máa hù) nínú, èyí tí agbọ́n náà yé ẹyin sí, tó di ilé fún ọmọ rẹ̀, àti èyí tí kò rí ọ̀kankan nínú méjèèjì, tó kàn ṣófo. Tí wọ́n bá ti gbẹ, ojú lásán kì í tètè yà wọ́n sọ́tọ̀. Oúnjẹ tí ọlẹ̀ máa jẹ ni òróró yẹn, níbi tí kò bá sí ọlẹ̀, òróró ò ní sí.

Igi míì tilẹ̀ wà tí akọ àti abo rẹ̀ dá dúró. Ẹ̀pín, Ficus exasperata, jẹ́ ọ̀kan. Ilé agbọ́n ló máa ń kún inú èso akọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ irú Ficus carica tó ń so láìsí agbọ́n rárá: kóró inú wọn máa ń ṣófo. Nítorí náà, ẹnikẹ́ni tó bá kọ "kóró ọ̀pọ̀tọ́" láìsọ irú igi àti bóyá ó ní ọlẹ̀, kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí mo ṣe máa yà wọ́n sọ́tọ̀: ẹ fi ṣíbí ha inú èso tó pọ́n dáadáa, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi tútù fún wákàtí 24. Ẹ má jẹ́ kó kọjá 48, omi á kan, èròjà tó ń yòrò á sì bá omi lọ. Ẹ fi ọwọ́ fín in lórí asẹ́ tí ojú rẹ̀ jẹ́ 0.5 mílímítà, ẹ máa da omi sí i títí omi fi máa mọ́. Ẹ wá kó kóró sínú omi tuntun tí ẹ kán ọṣẹ olómi ẹyọ kan sí, ẹ rò ó, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Láìsí ọṣẹ, kóró tó dáa náà máa léfòó, nítorí ó kéré débi pé ojú omi lè gbé e dúró. Èyí tó bá rì lẹ máa ṣàn mọ́ kí ẹ sì sá. Ẹ ká 200 nínú rẹ̀, ẹ fi abẹ là wọ́n lábẹ́ awò tó ń sọ nǹkan di ńlá: funfun tó kún inú ni ọlẹ̀ àti oúnjẹ rẹ̀. Èyí tó ní ihò ròbòtò lára, agbọ́n ti gba ibẹ̀ jáde. Ẹ kọ iye tí ẹ rí.

Ẹ wọ ìbọ̀wọ́ o, pàápàá tí èso tí kò pọ́n bá wà níbẹ̀. Ficin, èròjà tó ń fọ́ purotéènì nínú oje funfun èso náà, máa ń jẹ awọ ara. Oje Ficus carica tún ní psoralen: tó bá kan ara, tí oòrùn sì pa á, ó lè bó èèyàn lára bí iná.

AgbaLabu fèsì:

Òótọ́ ni IgiAtiEso sọ. Ẹ wo ìṣirò yìí: ká ní òróró kóró tó kún jẹ́ 28, tí ìdajì ìwọ̀n ìyẹ̀fun yín bá jẹ́ ẹran èso, tí ìdajì ìwọ̀n kóró tó kù sì ṣófo, 28 á di 14, 14 á di 7. Ẹ rí i pé kò jìnnà sí 6 yín. Omi inú rẹ̀ kọ́ ló fà á: tí ẹ bá yọ omi 8 kúrò, 6 ÷ 92 × 100 kò ju 6.5 lọ.

Ẹ tún yẹ lílọ̀ wò. Èèpo kóró yìí le. Èyí tí kò bá fọ́, petroleum ether, omi tó ń fa ọ̀rá jáde, ò lè wọ inú rẹ̀, kódà kí ẹ fi wákàtí 8 sè é nínú Soxhlet, ohun èlò tí a fi ń fa ọ̀rá. Ẹ lọ̀ ọ́ títí gbogbo rẹ̀ á fi gba ojú asẹ́ 0.5 mílímítà kọjá, ẹ má da èyí tó kù lórí asẹ́ nù, torí èèpo ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Kí ẹ máa lọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ̀rọ má gbóná.

Ọ̀rá tí kò jáde yìí ló tún ń ba fáíbà jẹ́. Ọ̀nà àtijọ́, ìyẹn sulfuric acid 1.25 nínú 100 fún ìṣẹ́jú 30, lẹ́yìn náà sodium hydroxide 1.25 fún ìṣẹ́jú 30, gba pé kí ẹ ti yọ ọ̀rá kúrò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lára ọ̀rá á dúró sórí asẹ́, ẹ ó sì kà á mọ́ fáíbà. Síbẹ̀, ọ̀nà yìí máa ń fọ púpọ̀ nínú hemicellulose àti lára lignin, tí àwọn náà jẹ́ ara fáíbà, dànù, nítorí náà ẹ má kọ 40 yẹn bíi fáíbà inú oúnjẹ. Ọ̀nà tó ń lo enzyme ni kí ẹ fi wá ìyẹn.

Lórí purotéènì, náítírójìn inú rẹ̀ la máa ń wọ̀n, ká tó sọ ọ́ di púpọ̀: 6.25 lẹ fi sọ náítírójìn di púpọ̀, àbí? Fún kóró olóròóró, 5.30 ni wọ́n sábà máa ń lò. 12 ÷ 6.25 jẹ́ 1.92, ìlọ́po 5.30 rẹ̀ jẹ́ 10.2. Àti pé èèpo ara agbọ́n tó kú sínú èso, chitin ni, ó ní náítírójìn tirẹ̀. Kjeldahl, ọ̀nà tí a fi ń wọn náítírójìn, ò mọ̀ pé kì í ṣe purotéènì.

Ẹ wá rí i pé 30 yẹn kì í ṣe ohun tí ẹ wọ̀n. Gbogbo àṣìṣe márùn-ún tó ṣáájú ló kó síbẹ̀.

OroroInuKoro fèsì:

Tí ẹ bá fẹ́ mọ irú òróró tó jẹ́, ẹ má lo kóró tí ẹ gbẹ ní 105°C. Ti wíwọn omi nìkan nìyẹn. Nínú òróró kóró Ficus carica, alpha-linolenic acid, ọ̀kan lára àwọn ásíìdì inú ọ̀rá, ló pọ̀ jù, bí ìdá 35 sí 40 nínú 100. Linoleic tẹ̀ lé e, oleic tẹ̀ lé ìyẹn. Palmitic àti stearic ò pọ̀. Alpha-linolenic yìí kì í fara da ooru àti afẹ́fẹ́. Ẹ gbẹ kóró ní 40°C, ẹ lọ̀ ọ́ ní ọjọ́ tí ẹ máa lò ó, ẹ fi náítírójìn lé afẹ́fẹ́ kúrò nínú ìgò, kí ẹ sì gbé òróró sí −20°C. Ẹ wọn peroxide value rẹ̀, iye tó ń fi hàn bí afẹ́fẹ́ ṣe ti bà á jẹ́ tó, kí ẹ tó gbé e lọ sórí ẹ̀rọ GC tó ń ya àwọn ásíìdì inú òróró sọ́tọ̀. Tí iye yẹn bá ti ga, bàjẹ́bàjẹ́ lẹ fẹ́ wọ̀n. Kí ẹ má sì fi iye Ficus carica kún àlàfo tábìlì Ficus sur. Igi ọ̀tọ̀ ni.

Fún mínírà, eérú 550°C dáa, ṣùgbọ́n ọlọ irin máa ń fi irin tirẹ̀ kún irin inú kóró. Odó agate, òkúta líle kan, ni kí ẹ lò. Ẹ fi lanthanum chloride sí i kí ẹ tó ka kálísíọ̀mù lórí AAS, ẹ̀rọ tó ń wọn mínírà, kí phosphate má baà dì í mú.

Afiwon tún béèrè:

Ẹ ṣeun gan-an ni. Lóòótọ́, mo lọ̀ ẹran èso mọ́ ọn. Ṣé tí mo bá rí iye síǹkì tó dáa nínú kóró tó rì, mo lè sọ pé ara á rí i lò? Kí ni mo sì máa fi ìyẹ̀fun àkọ́kọ́ ṣe?

AgbaLabu fèsì:

Ẹ wọn phytate, èròjà inú kóró tó máa ń di síǹkì mú, mọ́ ọn ná. Ẹ pín ìwọ̀n ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n mólù rẹ̀. Bí àpẹẹrẹ, phytate 800 mílígíráàmù ÷ 660 jẹ́ 1.21, síǹkì 3 mílígíráàmù ÷ 65.4 jẹ́ 0.046. Pín èkíní sí èkejì, ó lé ní 26. Tó bá ti ju 15 lọ, díẹ̀ ni ara máa rí gbà nínú síǹkì yẹn. Ẹni tó bá sì gbé kóró mì láìrún un, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló máa bá ìgbẹ́ jáde ní odindi.

Ìyẹ̀fun àkọ́kọ́, ẹ má dà á nù. Ẹ mú èyí tí ẹ ti fa ọ̀rá rẹ̀, ẹ tún un lọ̀ kó kọjá asẹ́ 0.5, ẹ dá a padà sínú Soxhlet fún wákàtí 6. Tí ọ̀rá tó pọ̀ bá tún jáde, lílọ̀ ló fà á. Tí kò bá jáde, ẹran èso àti kóró òfìfo ni.