Ìparadà ni, kì í ṣe ìsopọ̀: lórí ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará wa. Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ ni pé, tí a bá ń fi Yorùbá kọ́ èèyàn ní Gẹ̀ẹ́sì, kí ni ká máa pe ohun tó ń sọ "walk" di "walks", "walked" àti "walking"? Ẹnì kan dábàá "ìsopọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe", nítorí pé síso nǹkan pọ̀ sábẹ́ àjàgà ni ìpìlẹ̀ "conjugation" ní èdè Látìn. Ẹlòmíì ní "ìyípadà ọ̀rọ̀-ìṣe". Ọ̀pọ̀ yín sì ti fẹ́ẹ̀ fẹnu kò pé "ọ̀rọ̀-ìṣe abófinmu" ni "regular verb", ìyẹn èyí tó ń gba "-ed" fún àná bíi "walked". N kò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ìsopọ̀" ni kó kọ́kọ́ kúrò nílẹ̀. Ọ̀rọ̀-asopọ̀ ti wà nínú gírámà wa tipẹ́: "àti", "tàbí", "ṣùgbọ́n". Ọmọ tó bá gbọ́ "ìsopọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe", "àti" ni yóò máa wá kiri. Ohun tí àwọn ará Róòmù ń sọ kò kan ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ l'Ábẹ́òkúta.

"Ìyípadà" sàn díẹ̀, àmọ́ ó ti gbòòrò jù. Ọ̀rọ̀-ìṣe tiwa náà ń yí padà: "ó rà á" ní ohùn ìsàlẹ̀, "ó ra kíjìpá" ní ohùn àárín. Ọ̀rọ̀-orúkọ tó tẹ̀ lé e ló fa ìyẹn, kì í ṣe àsìkò, kì í sì í ṣe ẹni tó rà á. Ní ti àsìkò, "rà" kì í mira: ó rà á lánàá, ó ń rà á, wọ́n ti rà á, yóò rà á. Àwọn wúnrẹ̀n kéékèèké iwájú rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́. Kódà, "ó rà á" lásán ti tó fún àná. Ìdí nìyẹn tí ìwé gírámà wa fi ń pè é ní àsìkò afànámọ́nìí. Gẹ̀ẹ́sì kò fa àná mọ́ òní bẹ́ẹ̀. Ó ya wọ́n, ara ọ̀rọ̀-ìṣe gan-an ló sì fi yà wọ́n.

Abẹ́òkúta wa yìí ni míṣọ́nnárì Henry Townsend ti bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní Yorùbá lọ́dún 1859, kí Gẹ̀ẹ́sì tó wọ inú rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Pẹ̀lú bí èdè méjèèjì ṣe ti ń gbé pọ̀ tó níbí, ó dùn mí pé a kò tíì ní orúkọ tó gún fún ohun tí ọ̀kan ń ṣe tí èkejì kì í ṣe.

"Ìparadà" ni mo dábàá. Ẹni tó para dà kò di ẹlòmíì, ìrísí rẹ̀ ló yàtọ̀. Ẹ fi iṣẹ́ àwọn aláàdìrẹ Ìtòkú dán an wò: "I dye, she dyes, we dyed, they are dyeing." Ẹ kíyè sí "e" tó dúró nínú "dyeing". Tí a bá yọ ọ́, ó di "dying", ìparadà "die" nìyẹn. Ẹni tó fẹ́ sọ pé àwọn obìnrin ń rẹ aṣọ láró ti sọ pé wọ́n ń kú lọ.

"-s" yẹn ló ń fún àwọn àgbàlagbà tí mo ń kọ́ nírọ̀lẹ́ ní wàhálà jù. A ti sọ fún wọn pé ti ẹni kẹta ẹyọ ni. Ìyá kan wá kọ "My mother dye cloth", ó sì dá a lójú pé òun gbà á. Kí ló dé? Ìyá rẹ̀ kì í ṣe "ó" lẹ́nu rẹ̀, "wọ́n" ni: "Ìyá mi, wọ́n ń rẹ aṣọ." Ọ̀wọ̀ ti sọ ẹyọ di ọ̀pọ̀. Nítorí náà, kò tó ká pe orúkọ "ẹni kẹta ẹyọ" ká sì kọjá. Ẹ jẹ́ ká fi kún un pé Gẹ̀ẹ́sì ń ka orí, kì í ka ọjọ́ orí.

Ó wá ku "abófinmu". Ohun tí kò bá òfin mu, ẹ̀ṣẹ̀ ni létí Yorùbá, akẹ́kọ̀ọ́ á sì máa rò pé àṣìṣe ni "sang". Bẹ́ẹ̀ sì rèé, "sing, sang, sung" àti "ring, rang, rung" ní ìlànà tiwọn. "Help" pàápàá ti ní "holp" rí, kó tó gba "helped". Àwọn tí ẹ ń pè ní abófinmu gan-an, lórí ìwé ni wọ́n ti ṣe déédéé. Lẹ́nu, "-ed" pín sí mẹ́ta: ó ń dún bíi "t" nínú "washed", nítorí pé ìró àìkùnyùn (èyí tí ọ̀fun kì í gbọ̀n tí a bá ń pè é) ló parí "wash", bíi "d" nínú "dyed", ó sì di odidi sílébù nínú "wanted".

Ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní "aparadà-déédéé" àti "aparadà-ọ̀tọ̀". Ibi tí mo ti ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́ yín ni "put" àti "cut", tí wọn kì í para dà rárá fún àná. Ṣé abẹ́ "aparadà-ọ̀tọ̀" ni ká fi wọ́n sí, àbí ká fún wọn lórúkọ tiwọn?