Òtẹ́ẹ̀lì olówó pọ́ọ́kú yìí ti sú mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Mo san owó òru márùn-ún sílẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ládùúgbò tí kò fara rọ. Òru méjì péré ni mo tíì sùn. Ilẹ̀kùn kò ṣeé tì; àga ni mo fi ń dí i kí n tó lè dijú. Mo ká bẹ́ẹ̀dì, ìdun ló tò sétí fóòmù, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tóótòòtó. Mo ti yà á ní fọ́tò. Wọ́n pààrọ̀ yàrá fún mi, èyí tún burú jù. Máníjà ní àwọn kì í dá owó padà.

Káàdì ni mo fi sanwó. Tí mo bá kó jáde lónìí, ṣé báǹkì lè bá mi gba owó òru mẹ́ta tó kù? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Ẹ ṣé gan-an ni.