Màmá mi ò jẹun láti alẹ́, scan ṣì rí oúnjẹ nínú ikùn wọn, wọ́n bá dá wa padà sílé

ỌmọMushin:
Ẹ ǹlẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀rọ̀ yìí ń dùn mí gan-an, ẹni tó bá mọ̀ nípa ẹ̀ kó ṣàlàyé fún mi. Màmá mi ní ṣúgà, ó ti pẹ́ lára wọn, insulin ni wọ́n ń gbà báyìí. Òkúta wà nínú àpò òróòro wọn, dókítà wá ní ká jẹ́ kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ẹ̀. Wọ́n jẹ ẹ̀bà díẹ̀ láago méje alẹ́, lẹ́yìn ìyẹn wọn ò fẹnu kan nǹkankan mọ́, èmi gan-an ni mo gbé omi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn. Ìdájí la ti kúrò ní Mushin torí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Kí wọ́n tó gbé wọn wọ tíátà ni dókítà tó máa ń kun èèyàn lóorun gbé ẹ̀rọ scan kékeré kan wá, ó fi jẹ́ẹ̀lì sí òkè ìdodo wọn, ó ní kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀, ó wò ó wò ó, ló bá ní oúnjẹ ṣì wà níbẹ̀, òun ò lè kùn wọ́n lóorun.

Bọ̀dá mi ń sọ pé màmá ló yọ́ jẹun, màmá sì ti ń sunkún látàárọ̀ torí ẹ̀. Àwọn kan tá a jọ jókòó síta níbẹ̀ ní owó ni wọ́n tún fẹ́ gbà. Ṣé oúnjẹ lè wà nínú ikùn fún gbogbo wákàtí yẹn lóòótọ́? Kí la máa ṣe tí ò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ bá mi kí màmá. Kí n kọ́kọ́ sọ eléyìí, ẹ ní kí bọ̀dá yín lọ bẹ màmá. Mo ti rí i ní tíátà dáadáa, ẹni tí ṣúgà ti pẹ́ lára ẹ̀ lè má jẹun láti alẹ́ dọ̀sán kí ẹ̀bà àná ṣì wà níbẹ̀. Iṣan kan wà tó ti ọpọlọ wá sí ikùn, vagus lorúkọ ẹ̀, òun ló ń sọ fún ikùn pé kó lọ oúnjẹ kó sì tì í sínú ìfun, tí ṣúgà bá ti ba iṣan yẹn jẹ́, ikùn á kàn máa falẹ̀ ni. Látọdún 1958 ni dókítà kan tó ń jẹ́ Kassander ti kọ nípa ẹ̀ lára àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Kódà tí iṣan ò bá tíì bàjẹ́, tí ṣúgà bá ga lọ́jọ́ yẹn gan-an, ó máa ń fa ikùn sẹ́yìn, ìrora náà ń dá kún un, ìpayà náà ń dá kún un.

Wákàtí tí wọ́n máa ń sọ fún wa, 2 fún omi tó mọ́, 6 fún oúnjẹ fúyẹ́, 8 fún ohun tí wọ́n din tàbí ẹran ọlọ́ràá, ẹni tí ikùn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n ṣe é fún. Ìdí tí dókítà ò fi gbà ni pé tí wọ́n bá ti kun èèyàn lóorun, kò lè wúkọ́ mọ́, ọ̀fun ò lè dáàbò bo ara ẹ̀, ohun tó wà nínú ikùn lè gòkè wá kó gba ọ̀nà èémí wọ ẹ̀dọ̀fóró. Dókítà Mendelson ní New York gbé ìwádìí jáde lọ́dún 1946, aboyún 44,016 ló yẹ̀ wò, 66 nínú wọn ni nǹkan inú ikùn wọn wọ ẹ̀dọ̀fóró nígbà tí wọ́n kùn wọ́n lóorun, méjì kú torí oúnjẹ líle dí ọ̀nà èémí wọn. Ara ohun tó jẹ́ kí wọ́n máa le mọ́ wa lórí ọ̀rọ̀ oúnjẹ nìyẹn.

Scan tí ẹ rí yẹn, ìsàlẹ̀ ikùn níbi tó ti fẹ́ já sí ìfun ló ń wò. Wọ́n ní kí màmá fi ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún dùbúlẹ̀ kí nǹkan tó wà níbẹ̀ lè ṣàn wá síwájú ẹ̀rọ. Tó bá jẹ́ omi nìkan, wọ́n á wọ̀n ọ́n, tí ò bá ju 1.5 ml lórí kílò ara kọ̀ọ̀kan lọ, wọ́n lè máa bá iṣẹ́ lọ. Tó bá jẹ́ oúnjẹ líle, wọ́n á sún iṣẹ́ abẹ síwájú ni, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọn kì í ṣe scan yẹn rárá o. Dókítà yẹn ṣe dáadáa fún màmá.

ÌyáÌbejì_Súrùlérè:
Ah, Ọlọ́run ṣeun o. Ẹ jọ̀ọ́, àbúrò mi obìnrin ń gba Ozempic, abẹ́rẹ́ ṣúgà yẹn, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí ara ẹ̀ lè dínkù, kò ní ṣúgà o. Ó fẹ́ lọ yọ fáíbírọ́ìdì, mo ní ṣé o ti sọ fún dókítà, ó ní kí ló kàn wọ́n níbẹ̀.

Dókítà_Ń_Bọ̀:
Ó kàn wọ́n gan-an mà! Kó sọ ọ́ lónìí, kó má dúró dọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Ara bí oògùn yẹn ṣe ń ṣiṣẹ́ ni pé ó ń jẹ́ kí ikùn pẹ́ kó tó sófo, ìyẹn wà lára ohun tó ń jẹ́ kó tètè yó. Ìwádìí kan jáde nínú JAMA Surgery, ìwé ìwádìí àwọn dókítà, lọ́dún 2024, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, èèyàn 124 tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, wọn ò jẹun bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n má jẹ, wọ́n wá fi scan wo ikùn wọn: àwọn tó ń gba irú abẹ́rẹ́ yìí, 56 nínú ọgọ́rùn-ún ni nǹkan ṣì pọ̀ nínú ikùn wọn, àwọn tí kò gbà á, 19. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó bà yín lẹ́rù jù, kí oúnjẹ wà nínú ikùn yàtọ̀ sí kó wọ ẹ̀dọ̀fóró, ìyẹn ṣọ̀wọ́n, àwọn ìwádìí tó wà lórí ẹ̀ ò sì tíì fẹnu kò. Ìdí nìyẹn tí ìmọ̀ràn fi yí padà. Oṣù kẹfà 2023, ẹgbẹ́ àwọn dókítà akunnilóorun ti Amẹ́ríkà ní kí ẹni tó ń gba tọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú, nígbà tó di oṣù kẹwàá 2024, àwọn àtàwọn ẹgbẹ́ míì jọ sọ pé ọ̀pọ̀ èèyàn lè máa gbà á lọ, àmọ́ kí ẹni tí ewu ẹ̀ pọ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣì ń fi kún ìwọ̀n oògùn ẹ̀ tàbí tó ń bì, máa mu nǹkan olómi nìkan fún wákàtí 24. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé àwọn èèyàn ń ra abẹ́rẹ́ yìí lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n rí lórí Instagram, wọ́n á dé tíátà, dókítà ò sì ní mọ̀ pé ó wà lára wọn.

Ọmọ_Ìsàlẹ̀Èkó:
Tiwa, lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ló ṣẹlẹ̀. Bàbá mi ṣe iṣẹ́ abẹ ńlá ti pancreas (ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn ikùn), èyí tí wọ́n ń pè ní Whipple. Iṣẹ́ yẹn lọ dáadáa, àmọ́ ikùn kọ̀ kò ṣiṣẹ́. Rọ́bà tí wọ́n gba imú wọn wọ ikùn ń fa omi aláwọ̀ ewé sínú báàgì, tí wọ́n bá yọ ọ́, bàbá á bì, wọ́n á tún dá a padà. A ti rò pé wọ́n ti ba nǹkan jẹ́ ni, àfìgbà tí dókítà jókòó tì wá tó ní ó wọ́pọ̀ lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ yẹn, àwọn dókítà àgbáyé sì ti pín in sí ìpele A, B, C látọdún 2007. Erythromycin ni wọ́n fún wọn, mo ní ṣebí oògùn kòkòrò àrùn nìyẹn, wọ́n ní ó máa ń ti ikùn ṣiṣẹ́ pẹ̀lú. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí jẹun. Ká ní wọ́n ti sọ fún wa ṣáájú ni, ìyá mi ò bá tí bẹ̀rù tó yẹn.

ỌmọMushin:
Ẹ ṣé, ẹ ṣé gidi gan-an. Mo ti ka gbogbo ẹ̀ fún màmá, bọ̀dá mi náà ti bẹ̀ wọ́n. Mo pe ọsibítù, wọ́n ní nǹkan olómi nìkan ni kí wọ́n máa mu lọ́jọ́ tó ṣáájú, àwọn á sì fi wọ́n ṣe ẹni àkọ́kọ́ láàárọ̀. Nọ́ọ̀sì, ṣé ọ̀gì wà lára nǹkan olómi?

Nọ́ọ̀sì_Tíátà:
Ọ̀gì kì í ṣe omi tó mọ́ o, kódà kó ṣàn bí omi, oúnjẹ ni wọ́n máa kà á sí. Kí ẹ bi wọ́n bóyá wọ́n gbà á lọ́wọ́ àárọ̀ ọjọ́ tó ṣáájú, àmọ́ tó bá ti di alẹ́, kó kúrò níbẹ̀. Omi, tíì tí kò ní mílíìkì, omi ọbẹ̀ ẹran tí ẹ sẹ́ títí tí kò fi ní èérún kankan, ìyẹn dáa. Kí ẹ tún pè wọ́n padà lónìí, kí ẹ bi wọ́n iye insulin tí màmá máa gbà lọ́jọ́ yẹn àti lálẹ́, torí tí wọn ò bá jẹun tí wọ́n sì gba iye tí wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀, ṣúgà wọn lè já wálẹ̀ lóru. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dín in kù, àwọn ló máa sọ iye ẹ̀.